Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Àṣá Tì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú, ẹ má sùn lọ. Ìtàn kan ń bẹ nínú mi tó ti ń kanlẹ̀kùn láti àárọ̀, n ó sì ṣílẹ̀kùn fún un lónìí. Kì í ṣe ìtàn ìjàpá, kì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí odindi ẹgbẹ́ ń gbọ̀n nítorí rẹ̀, tí wọ́n dé ojú ìjà tán tí wọ́n wá a tì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ dópin tí ẹnu rẹ̀ kò là sílẹ̀, kí olúwarẹ̀ dìde kó sọ tirẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù kan wà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ lù mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn débi pé bó bá dúró lásán, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan nílẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé nínú ẹgbẹ́ náà. Dígí ni gbogbo wọn ń pè é.

Ìdí abájọ nìyí. Kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ wọn jẹ́ bàbá kúkúrú kan, onírùngbọ̀n funfun, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fèrè ló fi ń kí ni, fèrè ló fi ń bá ni wí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń ní bó bá ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ni oúnjẹ ń gbà kọjá, fèrè ló ni ìkejì. Bó bá yíjú, Bàbá Fèrè ni wọ́n ń pè é, bó bá kọjú sí wọn, ó di "Kóòṣì, sà." Bàbá yìí kì í lọ wo ẹgbẹ́ mìíràn láéláé. Ó ní ojú tí òun ní, ilé òun ló ń ṣọ́. Igbákejì rẹ̀ ló ń rán, obìnrin kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù náà rí kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí. Àǹtí á lọ jókòó sáàárín èrò, á wo ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé, á wo ẹni tó le jù nínú wọn, á wá padà wá ròyìn rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá di ọkùnrin yẹn, kí àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré lè kọ́ bí wọn yóò ṣe dá a dúró kí ọjọ́ Sátidé tó pé.

Dígí ni ẹni náà. Bí ọ̀tá bá máa ń fa ẹsẹ̀ kan kó tó yà, Dígí á fa ẹsẹ̀. Bí onítọ̀hún bá máa ń họ imú kó tó ju bọ́ọ̀lù, Dígí á họ imú. Ọjọ́ kan wà tó ṣe ẹnì kan tó máa ń bú rẹfirí, ó sì bú Bàbá Fèrè tó di rẹfirí lọ́jọ́ náà débi pé gbogbo ilé kú fẹ́rín. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Níbẹ̀ gan-an ni omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bí Dígí bá ṣe ẹni yẹn dáadáa, tó sá kọjá láàárín àwọn márùn-ún, tó ju bọ́ọ̀lù tó wọlé ṣíọ́ láì kan etí apẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wí pé Dígí jù ú. "Háà, ọkùnrin yẹn mà burú o!" ni wọn yóò máa wí. Bàbá á fọn fèrè, á ní, "Ẹ rí i? Ẹ rí ohun tí yóò fi yín ṣe ní Sátidé?" Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fọwọ́ gbá Dígí lẹ́yìn pé o ṣeun, òun náà á mi orí, á ní, "Èmi kọ́. Òun ni."

Bí Sátidé bá wá dé, bí wọ́n bá fi í wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹlòmíràn lè mí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá ń fún un: "Dúró ní igun. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbé e fún Balógun. Má jù ú." Balógun ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ọkùnrin oníṣan, ọlọ́rọ̀ púpọ̀, tí gbogbo bọ́ọ̀lù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá gbà pé ìka kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní ẹnìkan kì í fi àtàǹpàkò lá ọbẹ̀. Dígí sì ń dúró ní igun. Ọdún kẹta rèé tó ti ń dúró.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Bàbá pè é wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, yàrá tó máa ń rùn bíi rọ́bà àti aṣọ tí kò gbẹ.

"Dígí, jókòó."

Kò sí àga. Ó jókòó lórí àpò bọ́ọ̀lù, àpò náà sì ń yí lábẹ́ rẹ̀.

"Eré Sátidé yìí ni ìkẹyìn rẹ. Tí a bá ti parí, kí o bọ́ jẹ́sì kalẹ̀, kí á dágbére fúnra wa."

Dígí rò pé eré ni. Ó wo fèrè bóyá yóò dún, nítorí bí Bàbá bá ń ṣàwàdà, fèrè máa ń dún díẹ̀. Fèrè kò dún.

"Kóòṣì, sà, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Mo wo gbogbo eré tóo wọ̀ lọ́dún yìí, n kò rí nǹkan tóo ṣe."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró ní igun, sà. Ẹ ní kí n má jù ú."

"O sì dúró dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé o ò mọ ìdúró." Bàbá dìde. "Ṣùgbọ́n òpó ilé náà mọ ìdúró, ọmọ mi. A kì í wọ jẹ́sì fún òpó."

Ó jáde lọ. Dígí jókòó síbẹ̀ lórí àpò tó ń yí. Ẹni tó ní kó o dijú ló tún ń bi ọ́ pé kí ló dé tóo ò ríran.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé. Jórin-jórin ni ẹ̀gbọ́n náà, ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tí iná ń ta pàrà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó gbọ́, ó gbé awò dúdú tó fi ń bojú sókè sí iwájú orí.

"Àbúrò, mo ti ń sọ ọ́ fún ọ tipẹ́. Àgbàlagbà kì í fi bọ́ọ̀lù ṣe ogún. Wá dúró tì mí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Irin kì í wo bóo ṣe ga tó."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ fi Agùntáṣọọ́lò mi sílẹ̀ o, bàbá ọmọ mi! Ta ló ń fi irú ọwọ́ gígùn báyìí jó irin? Bó bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé, iwájú ilé ni yóò jó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dígí rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Láti kékeré, bọ́ọ̀lù yìí nìkan ni nǹkan tó ń jí i láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sátidé, kò mọ ohun tí yóò máa jí òun lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́rú pé, Àǹtí dé. Kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ tó yẹ̀ síwájú.

"Àwọn tí a fẹ́ bá pàdé ti gba ẹnì kan tuntun. Àṣá ni wọ́n ń pè é."

"Àṣá?" Balógun bú sẹ́rìn-ín. "Kó máa bọ̀. Òkò ń bẹ lọ́wọ́ wa."

"Balógun, pa ẹ̀rín yẹn mọ́. Ẹyẹlé tó ń bá àṣá ṣeré, ikú ló ń bá ṣeré. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí."

Fèrè Bàbá dún kékeré. Àǹtí kì í yin ènìyàn. Bó bá ti yin ẹnì kan, àfi kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí fa Dígí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìṣe wọn, kó lè sọ fún un bí yóò ṣe ṣe ọkùnrin náà.

"Ọwọ́ wo ló fi ń jù, Àǹtí?"

"Èyí tó bá sún mọ́ ọn."

"Láti ibo?"

"Láti ibikíbi. Bó bá jìnnà, á jù ú. Bó bá sún mọ́ ọn, á fò. Bí wọ́n bá dí i lọ́nà, á dúró lójijì, wọn á kọjá lára rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, á wá jù ú nígbà tí wọ́n bá kọjá tán."

"Ta ni kóòṣì rẹ̀ ní kó máa gbé bọ́ọ̀lù fún?"

"Kì í bi kóòṣì."

Dígí wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ènìyàn kan ń rìn lórí omi. "Kì í bi í? Kóòṣì rẹ̀ kì í bínú?"

"Kóòṣì rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Àǹtí wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá fọn fèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ojú rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Dígí gba bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kíní, ó jù ú láti ibi tó jìnnà débi pé Balógun ti ń rẹ́rìn-ín kí bọ́ọ̀lù náà tó wọlé. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì, méjì nínú wọn sáré sí i, ó dúró gbagidi, àwọn méjèèjì forí gbárí. Lẹ́ẹ̀kẹta, Balógun fúnra rẹ̀ dojú kọ ọ́. Dígí yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, Balógun tọ ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ òsì lọ, ó sì fi ìdí jókòó gbì sórí ilẹ̀ pákó. Apẹ̀rẹ̀ mì. Bọ́ọ̀lù wọlé.

Gbogbo ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó já bọ́ sílẹ̀ táń. Fèrè Bàbá ni. Ó já láti ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, bàbá náà kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Háà," ni ó wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láì sí fèrè níbẹ̀ rí. "Ọkùnrin yìí yóò pa wá."

Láti ọjọ́ náà lọ, jìnnìjìnnì gba gbogbo ẹgbẹ́ náà kan. Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá ní kí ènìyàn méjì máa ṣọ́ Àṣá. Àṣá kọjá láàárín wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí ènìyàn mẹ́ta ṣọ́ ọ. Wọ́n ṣọ́ ọ tán, wọ́n wá ṣubú léra wọn. Bàbá wá yan ọkùnrin méjì tó lágbára jù nínú àwọn márùn-ún, ó ní wọn kò ní ṣe nǹkan mìíràn ní Sátidé, wọn kò ní ju bọ́ọ̀lù, wọn kò ní sáré, kí wọ́n jókòó kí ara wọn le títí Àṣá yóò fi wọlé, kí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ọn bí eéṣú mọ́ ewé. Balógun kò lè jẹun. Ó ní bí òun bá pajú dé, òun máa ń rí i.

Kì í ṣe Balógun nìkan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Dígí jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rù ọkùnrin yẹn ń bà mí."

"Ọkùnrin wo?"

"Àṣá. Ọ̀nà kankan kò sí tí a lè gbé e gbà. Mo ti rò ó títí. Ibikíbi tí wọ́n bá gbà yọ sí i, mo mọ ohun tí yóò ṣe."

Obìnrin náà gbé ṣíbí dúró lórí ìkòkò. "Ìwọ tóo ń ṣe é ni ẹ̀rù rẹ̀ tún ń bà? Èyí mà ga o."

"Ọ̀rọ̀ náà kò yé yín. Èmi kàn ń ṣe bíi tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ yóò le ju bí mo ṣe ń ṣe é lọ."

Obìnrin náà wò ó, ó mi orí, ó ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Sátidé kò jìnnà mọ́, ó dé. Gbọ̀ngàn eré kún fọ́fọ́, àwọn ènìyàn jókòó lórí àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀tá jáde. Bàbá Fèrè dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ nínú agbo ẹlòmíràn.

"Èwo ni?"

Àǹtí tẹrí ba, ó ń ra orúnkún rẹ̀.

"Wọ́n ti fi í pamọ́," ni Bàbá wí. "Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ kó yọ sí wa lójijì. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Ẹni tó bá dìde kí Àṣá tó wọlé, èmi àti olúwarẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, tí àwọn méjì tó lágbára jù jókòó kalẹ̀ bí ẹrù tí olówó kò tíì wá gbé. Ẹgbẹ́ kejì ń jù, ó ń wọlé. Balógun kò lè sáré dáadáa, nítorí pé ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbàkúùgbà tí ọ̀tá bá pààrọ̀ ènìyàn, gbogbo bẹ́ǹṣì á gbọ̀n, wọn á ní, "Òun rèé!" Kì í ṣe òun. Nígbà tí ìdájì àkọ́kọ́ parí, àwọn ọ̀tá ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ apẹ̀rẹ̀ ju ẹgbẹ́ Bàbá lọ. Àṣá kò sì yọjú.

Bàbá kò lè mú un mọ́ra. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ kóòṣì kejì, níṣojú gbogbo èrò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Àṣá yín wà?"

"Àṣá?" Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ o. Àbí adìẹ la wá sìn níbí ni?"

Bàbá padà wá sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ojú rẹ̀ korò bí ewúro. Ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ jókòó, òógùn ń kán. Dígí jókòó ti garawa omi ní ìkángun, nítorí òun ló máa ń bu omi fún àwọn tó rẹ̀.

"Igbákejì," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́ náà sì ba gbogbo wọn lẹ́rù ju ariwo lọ. "Wọ́n ní àwọn kò mọ Àṣá kankan."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, Bàbá."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nínú yàrá yìí."

Gbogbo wọn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Balógun tilẹ̀ dìde.

"Kò sí lẹ́nu ọ̀nà," ni Àǹtí wí. "Òun ló jókòó ti garawa yẹn."

Gbogbo ojú bọ́ sí ara Dígí. Dígí náà yíjú, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ògiri ló rí. Ó tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì garawa. Kò sí ẹnì kan. Nígbà tó máa yíjú padà tí wọ́n ṣì ń wò ó, orí rẹ̀ wú, ago omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ta ni?"

"Ìwọ ni. Bí àwọn yòókù bá ti lọ tán, tóo bá ń kó bọ́ọ̀lù sínú àpò, kò sí èyí tí o kì í kọ́kọ́ jù. Láti igun, láti ẹ̀yìn, láti ẹnu ọ̀nà. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n tètè dé ìta, ni mo fi ń jókòó wò ọ́. Ohun tí ò ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí wọ́n ní kí o ṣe, òun náà ni mo kó pọ̀, mo fún un lórúkọ, mo sì ní kí o ṣe é. Adìẹ funfun kò kúkú mọ ara rẹ̀ lágbà."

Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí Dígí sùn! Ọkùnrin tí Dígí ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ibà mú un kó tó di Sátidé!

"O parọ́ fún mi," ni Bàbá wí. "Nínú ilé mi. O jẹ́ kí n fi ọmọkùnrin méjì jókòó de iwin!"

"Orúkọ ni mo parọ́ rẹ̀, Bàbá. N kò parọ́ iṣẹ́. Tí mo bá sọ fún yín pé Dígí ni, ṣé ẹ̀yin yóò wò ó?"

"Jáde! N kò fẹ́ rí ọ lórí bẹ́ǹṣì mi mọ́."

Àǹtí mú àpò rẹ̀, ó tiro jáde, kò bẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé. Balógun rìn lọ bá Dígí, ó dúró lé e lórí.

"Ìwọ lo gbé mi ṣubú lọ́jọ́rú?"

"Balógun, ẹ máà bínú, èmi kọ́..." Ó dákẹ́ lójijì. Kò mọ orúkọ ẹni tí yóò di ọ̀rọ̀ náà rù mọ́.

"Látọjọ́rú n kò jẹun, nítorí tìrẹ? Tìrẹ, tóo ń bu omi fún mi?" Balógun gbá orí ara rẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ṣe. Ó yíjú. "Kóòṣì, ẹ lè lé gbogbo wa tó bá yá. Ṣùgbọ́n lónìí yìí, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà pàdánù oorun."

Fèrè ìdájì kejì dún níta. Bàbá yí ẹ̀yìn sí wọn. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Dígí, wọlé."

Dígí dìde. "Kí n ṣe ta ni, sà?"

Bàbá la ẹnu. Igun ló wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn rí i pé igun ló fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè ó sì padà. Ó gbé e mì.

"Ṣe Àṣá," ni ó wí.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n àkọ́jù rẹ̀ kò wọlé. Kò tilẹ̀ kan apẹ̀rẹ̀. Èrò hó yèè, wọ́n ń kọrin yẹ̀yẹ́. Dígí wo bẹ́ǹṣì bí àṣà rẹ̀, kí wọ́n lè sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Bàbá ti yọ fèrè lẹ́nu, ó dì í mọ́ ọwọ́, ojú rẹ̀ sì wo ilẹ̀. Kò sí ìmọ̀ràn níbẹ̀. Balógun tún gbé bọ́ọ̀lù sí i.

Ó wo iwájú rẹ̀, ó sì rí nǹkan kan tó ṣe é ní kàyéfì: kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹnì kan kò sún mọ́ ọn. Àwọn ọ̀tá náà ní kóòṣì, kóòṣì wọn náà sì ti sọ fún wọn pé ẹni gígùn tó máa ń dúró ní igun yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kì í jù ú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbin nǹkan tí kò mọ̀ pé òun ń gbìn. Ó jù ú. Ó wọlé. Ó tún gbà á, ó tún jù ú. Nígbà tí wọn yóò fi mọ̀ pé ilé ń jó, iná ti dé àjà.

"Ta ni kinní yìí?" ni kóòṣì kejì ń ké. "Ẹ dá a dúró! Ta ni?"

Wọ́n rán ẹnì kan sí i, ó fò kọjá. Wọ́n rán méjì, ó dúró lójijì, wọ́n kọjá lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán mẹ́ta, Balógun àti àwọn alágbára méjì tó ti sinmi dáadáa wá rí àyè, wọ́n ń wọlé bí ẹni wọ ọjà. Èrò tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ dìde dúró. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wá kù láàárín wọn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Dígí, ó fò, ó jù ú, fèrè ìkẹyìn dún nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lókè.

Bọ́ọ̀lù náà yí etí apẹ̀rẹ̀ ká. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bọ́ síta.

Wọ́n pàdánù.

Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ẹnikẹ́ni kò gbójú sókè. Dígí ti ń bọ́ jẹ́sì rẹ̀. Ó bọ́ ọ dé ọrùn, orí rẹ̀ wà nínú aṣọ, nígbà tó gbọ́ ohùn Bàbá.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ ní kí n bọ́ ọ kalẹ̀ lẹ́yìn eré, sà."

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan ná. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn yẹn, tó bọ́ síta. Ta ló jù ú?"

Dígí yọ orí. Ọ̀nà àbáyọ wà níwájú rẹ̀ gbayawu. Kó ní Àṣá ni, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, kí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo Balógun, ó wo àwọn yòókù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo jù ú. Èmi ni kò wọlé fún."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù tó wọlé láti ọdún mẹ́ta, Dígí kò gbà pé ẹyọ kan jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó bọ́ síta ló wá gbà.

"Wọ jẹ́sì rẹ padà," ni Bàbá wí. "Ẹni tó bá lè jẹ gbèsè èyí tó bọ́ síta, òun ló ni èyí tó wọlé. Ọjọ́ Ajé, kí o tètè dé."

Dígí kò mira. "Àǹtí ńkọ́, sà?"

"Kí ló kan ìwọ?"

"Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, sà, ẹ máà retí mi."

Háà! Balógun fi ọwọ́ bo ẹnu. Dígí tí kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá ní kó sọ ọ́! Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e padà. Bàbá yí fèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn. Àǹtí jókòó sórí àpò rẹ̀ níta, ó na ẹsẹ̀.

"Igbákejì."

"Bàbá."

"Òpùrọ́ ni ọ́."

"Ẹ̀ẹ́n, sà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tóo bá ń lọ wo àwọn ẹlòmíràn, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. N ó fi ojú mi rí ẹni tó bá wà níbẹ̀." Ó kọjá lára rẹ̀, ó dúró, ó yíjú díẹ̀. "Lẹ́yìn náà, kí o jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ tí àwọn tèmi bá ń kó bọ́ọ̀lù. Ó lè jẹ́ pé òmíràn ń bẹ tí n kò tíì rí."

Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Lẹ́nu ìyàwó ẹ̀gbọ́n Dígí ni mo ti gbọ́ ọ, obìnrin tó ń ro ọbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà. Títí di òní, bó bá dé ibi tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ nínú yàrá, ó máa ń gbé ṣíbí kalẹ̀, á káwọ́ lórí, á ní, "Ọkọ mi wo ẹ̀yìn o! Ó wo ẹ̀yìn!"